Kí Ìgò Tó Ṣí: Ìtọ́sọ́nà lórí Ọtí àti HIV fún Ọkùnrin Tó Ń Bá Ọkùnrin Lò Pọ̀

Ọtí fúnra rẹ̀ kì í kó HIV ran ènìyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹni ní wákàtí tí ìpinnu náà ṣe pàtàkì jù lọ. Mo kọ èyí fún ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀, yálà ọkùnrin nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí tàbí àtọkùnrin àtobìnrin, tó sì máa ń mutí, ì báà jẹ́ díẹ̀ ì báà jẹ́ púpọ̀. N kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ohun tó máa dáàbò bò ọ́ lóru, ìgbà tí ojú rẹ ṣì mọ́ kedere ni kí o ti ṣètò rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ọtí ń ṣe

Lọ́dún 1990, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Claude Steele àti Robert Josephs, ṣàlàyé ohun kan tí ẹni tó bá ti mutí yó rí yóò jẹ́rìí sí: ọtí máa ń sọ ojú inú di tóóró. Ohun tó wà nítòsí á gba gbogbo ojú, ohun tó jìnnà á pòórá. Ọkùnrin tó dúró tì ọ́, òórùn ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ, nítòsí ni ìwọ̀nyẹn wà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ jìnnà réré. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan nípa HIV, tó tilẹ̀ lè dúró kọ́ ẹlòmíràn, fi lè ṣe ohun tí kò pète láago méjì òru. Àìmọ̀kan kọ́. Nítorí náà, n kò gbà pé "ṣáà máa ṣọ́ra" jẹ́ ìmọ̀ràn tó tó fún ẹni tó ń mutí. Orí tí wọ́n ní kó ṣọ́ra yẹn gan-an ni ọtí kọ́kọ́ ń mú.

Ara náà ní tirẹ̀. Tí ọkùnrin tó ní HIV, tí kò sì lo oògùn, bá wọlé sí ọ lára láti ihò ìdí láìsí kọ́ńdọ̀mù, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé nínú 10,000 irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 138 ni kòkòrò náà máa ń ràn. Tó bá jẹ́ ìwọ lo wọlé sí i lára, nǹkan bí 11 ni. Awọ inú ihò ìdí fẹ́lẹ́, kò ní omi tirẹ̀ tó ń mú un yọ̀, ó sì tètè ń bó. Ọtí wá ń pa ìrora mọ́ ọ lára: ohun tí ìbá mú ọ sọ pé "dúró ná, jẹ́ ká fi jẹ́ẹ̀lì sí i" lè má dùn ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ọkùnrin tí ọtí ti pa kì í le dáadáa, kọ́ńdọ̀mù á máa yọ̀ bọ́ lára rẹ̀, wọ́n á sì bọ́ ọ sọnù.

Ó yẹ ká sọ ìdí tí ọtí fi pọ̀ láàárín wa pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ilé ọtí ni ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí ẹlòmíràn tó dà bíi tiwa. Ẹlòmíràn ń mu kí ẹ̀rù lè kúrò lára rẹ̀, tàbí kó lè gbàgbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i nílé. Ẹni tó ní ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin lè máa mu kó lè rí ìgboyà ṣe ohun tí kò lè dárúkọ lójú ọ̀sán. Mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, torí ẹni tó ń mutí nítorí ẹ̀rù yóò mu sí i lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá pọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ka ohun tí ò ń mu

Má fi ìgò ka ọtí. Òṣùwọ̀n ni kí o fi kà á. Òṣùwọ̀n kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò jẹ́ gíráàmù 10 ojúlówó ọtí. Ìgò bíà mìlílítà 330 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan bíi gíráàmù 13 nínú. Ìgò ńlá onímìlílítà 600 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24, ìyẹn ju òṣùwọ̀n méjì lọ. Ìgò wáìnì kan, tó bá jẹ́ mìlílítà 750 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 12, ní nǹkan bí òṣùwọ̀n méje. Ẹni tó ní "ìgò mẹ́ta péré ni mo mu" lè ti mu òṣùwọ̀n méje.

Ìbéèrè mẹ́ta wà tí àwọn dókítà máa ń bi ènìyàn, wọ́n ń pè é ní AUDIT-C: ẹ̀ẹ̀melòó lò ń mutí, òṣùwọ̀n mélòó lò ń mu lọ́jọ́ tí o bá mu, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń mu mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níjókòó kan. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé mẹ́rin. Ọkùnrin tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá tó mẹ́rin nínú méjìlá, ó yẹ kó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Èmi á fi ìbéèrè kan kún un, ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì ju àwọn yòókù lọ fún wa: láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó lo bá ènìyàn lò pọ̀ lẹ́yìn ọtí, tí o ṣe ohun tí o kò ní ṣe ká ní ojú rẹ mọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn ni yóò sọ irú ààbò tó yẹ ọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: yan ààbò tí kò dúró de ìpinnu òru

PrEP ni oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kó má bàa kó o. Oníhóró tó wọ́pọ̀ jù ni àdàpọ̀ tenofovir àti emtricitabine, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó dá ọ lójú ṣáájú ohunkóhun mìíràn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí: ọtí kì í ba oògùn yìí jẹ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ọtí palẹ̀, kíndìnrín ló ń gbé tenofovir jáde. Ẹni tó bá ní "mo mutí lánàá, ẹ jẹ́ kí n fo oògùn tòní kí wọ́n má bàa bá ara wọn jà" ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Mutí tàbí má mutí, lo oògùn rẹ.

Tí o bá ń lò ó lójoojúmọ́, òwúrọ̀ ni mo fara mọ́ jù, torí ọtí ló ni alẹ́. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ, kó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti kan ọ̀kan, ó kan èkejì. Fi hóró méjì mẹ́ta pamọ́ sínú báàgì tí o máa ń gbé jáde, nítorí òwúrọ̀ tí o bá jí níbòmíràn. Tí o bá bì kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tí o gbé e mì, lo òmíràn. Tó bá ti ju wákàtí kan lọ, ó ti wọlé. Bí o bá sì fo ọjọ́ kan, má ṣe bọkàn jẹ́ kí o wá pa gbogbo rẹ̀ tì: nínú ìwádìí iPrEx tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, kò sí ẹnì kankan tó kó HIV láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé wọ́n ń lo hóró mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Hóró méje ni kí o máa lé ṣáá. Mẹ́rin wà fún ọ̀sẹ̀ tí nǹkan bá dàrú.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní 2-1-1, fún ẹni tí ìbálòpọ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Jẹ́ ká fi ọjọ́ gidi ṣe é. Láago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdè, o gbé hóró méjì mì. O jáde, o mutí, o bá ẹnì kan lò pọ̀ láago méjìlá òru. Láago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, hóró kan. Láago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè, hóró kan sí i, ó parí. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lóru Sátidé, ìwọ á máa bá a lọ ní hóró kan lójoojúmọ́ títí di alẹ́ Mọ́ńdè. Hóró méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wọlé ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú, kó má sì ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ.

Wàá rí i pé ọ̀nà yìí gún régé lórí ìwé, àmọ́ fún ẹni tó ń mutí, ibi méjì ló ti lè já. Èkíní, "n kàn fẹ́ mu ìgò kan" kì í ní àlàyé pé ó máa di ìbálòpọ̀, nítorí náà hóró méjì kò ní wọlé lákòókò. Èkejì, hóró kẹta àti ìkẹrin bọ́ sí àwọn ọjọ́ tí orí ṣì ń fọ́ ọ gan-an. Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹni tí ọtí máa ń bá lójijì, kó fi 2-1-1 sílẹ̀, kó gba ojoojúmọ́ tàbí abẹ́rẹ́. Ẹni tó ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B kò gbọ́dọ̀ lo 2-1-1 rárá, torí bíbẹ̀rẹ̀ àti dídáwọ́ dúró lè mú kí àrùn náà ru sókè sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bí o bá sì ní ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin tó fẹ́ lo PrEP, 2-1-1 kọ́ ni tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ni ó bá ẹni tó ń mutí mu jù lójú mi, torí kò sí ohun tí o máa rántí lóru. Cabotegravir jẹ́ oṣù méjì-méjì lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Lenacapavir, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Kò tíì dé ibi gbogbo, àmọ́ béèrè.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí, àyẹ̀wò HIV kọ́kọ́, torí ẹni tó bá ti ní i nílò ìtọ́jú mìíràn. Wọ́n á wo kíndìnrín rẹ àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B tó bá jẹ́ oníhóró. PrEP kì í dí àtọ̀sí tàbí sífílísì lọ́nà, àwọn yẹn sì máa ń ṣí ọ̀nà fún HIV lára ẹni tí kò ní ààbò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: báàgì

Kọ́ńdọ̀mù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀kan, torí ọwọ́ tí ọtí ti mú máa ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Dán an wò nínú òkùnkùn nígbà tí ojú rẹ mọ́: wá etí páálí rẹ̀ tó ní ibi yíya, fi ìka ti kọ́ńdọ̀mù sápá kan, ya a. Ẹni tó bá ń fi eyín ya á lóru lè gé e láìmọ̀. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi tàbí sílíkónì ṣe ni kí o kó, nínú páálí kéékèèké. Òróró, ìpara àti fásélíìnì máa ń jẹ kọ́ńdọ̀mù onírọ́bà títí yóò fi bẹ́. Ibi tí ọwọ́ á tètè tó lórí bẹ́ẹ̀dì ni kí o kó wọn sí kí ẹ tó bọ́ṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí ọtí bá ti délẹ̀

Jẹun dáadáa ṣáájú. Ẹ̀dọ̀ kì í lè tú ju nǹkan bí òṣùwọ̀n kan palẹ̀ ní wákàtí kan, kò sì sí ohun tó lè lé e sáré: kọfí kò lè ṣe é, omi tútù kò lè ṣe é. Máa fi omi sáàárín ìgò méjì. Sọ iye tí o máa mu fún ọ̀rẹ́ kan kí ẹ tó jókòó, kó sì jẹ́ ẹni tó lè wò ọ́ lójú pé "ó tó". Má fi ife rẹ sílẹ̀.

Àwọn àdàpọ̀ kan wà tó ń pa ènìyàn lóru ọjọ́ náà gan-an, kí HIV tó ráyè. GHB, oògùn olóró olómi kan tí àwọn kan ń lò lóde àríyá, lè dá èémí dúró bó bá pà pọ̀ mọ́ ọtí. Poppers, omi inú ìgò kékeré tí àwọn kan ń fà símú nígbà ìbálòpọ̀, pẹ̀lú Viagra tàbí irú rẹ̀ lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì. Tí ẹnì kan bá ti sùn tí kò jí, yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, pe ìrànlọ́wọ́, má sì fi í sílẹ̀ pé yóò sun ún tán.

Ẹni tí ọtí ti pa débi pé kò lè dúró, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Fi í sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ìfipábánilòpọ̀ ni, ọtí tí o mu kò sọ ọ́ di ẹ̀bi rẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá ti ṣẹlẹ̀, wákàtí 72 ni o ní

PEP ni oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn tí ewu ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bí ó bá ṣe yá tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Jẹ́ ká tún fi ọjọ́ gidi ṣe é. Ìbálòpọ̀ wáyé láago kan òru mọ́jú Sọ́ńdè. Ilẹ̀kùn tì láago kan òru mọ́jú Wẹ́sídè. Orí fífọ́ yóò jẹ Sọ́ńdè, ìtìjú yóò jẹ Mọ́ńdè, ní Túsìdè ẹ̀rù yóò wá bà ọ́ tán, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Sọ́ńdè yẹn gan-an ni kí o jáde.

Bí o bá jí, mu omi, kí o sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ kó tó fò lórí rẹ: aago tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wọlé sí ẹnì kejì lára, àti bóyá kọ́ńdọ̀mù wà, ó bẹ́, tàbí kò sí. Bí o kò bá rántí, àìrántí yẹn gan-an tó láti lọ. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn ló máa ń ṣí lọ́jọ́ ìsinmi. Ohun tí wàá sọ kò gùn: "Mo ní ìbálòpọ̀ láti ihò ìdí láìsí kọ́ńdọ̀mù láago kan òru, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ PEP." O kò ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí òfin tàbí ẹnu àwọn ènìyàn bá ti lè kó ọ sí wàhálà, o kò ní láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ihò ìdí ni dókítà nílò láti mọ̀ kó lè ṣírò ewu náà. Bí nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ bá wò ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀, ní kí wọ́n pe dókítà. Ìwà tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ná ọ ní wákàtí tó kù.

Ẹni tó ń lo PrEP rẹ̀ déédéé kì í sábà nílò PEP. Ẹni tó ti ń fò ó, kó lọ béèrè. Láàárín ọjọ́ 28 náà, ọtí kì í ba oògùn náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ènìyàn gbàgbé rẹ̀, nítorí náà dín in kù. Tí ọjọ́ náà bá ti pé tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé o kò ní i, wọ inú PrEP lọ tààrà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò kò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún láti inú iṣan, tó ń wá kòkòrò àti ìgbèjà ara pa pọ̀, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tí o ń ṣe fúnra rẹ nílé lè nílò tó ọjọ́ 90. Ibà, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ara sísú àti kókó ọrùn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìbálòpọ̀ lè jẹ́ HIV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó rọrùn láti pè é ní ọtí àná tàbí ibà lásán. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹni tó ń mutí tó sì ń bá oríṣiríṣi ènìyàn lò máa ṣe àyẹ̀wò, pẹ̀lú àtọ̀sí àti sífílísì.

Bí o bá ti ní HIV tẹ́lẹ̀

Ìwádìí PARTNER2, tó jáde ní 2019, tẹ̀ lé tọkọtaya ọkùnrin sí ọkùnrin 782 tí ọ̀kan ní HIV, tó ń lo oògùn tí kòkòrò rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, tí èkejì kò ní. Wọ́n bá ara wọn lò pọ̀ láti ihò ìdí láìsí kọ́ńdọ̀mù ní nǹkan bí ìgbà 76,000. Kò sí ẹyọ kan tó kó o láti ara ẹnì kejì rẹ̀ yẹn. Ohun tí ọtí lè fi ba èyí jẹ́ ni oògùn tí o bá fò. Nítorí náà, ohun tí mo sọ nípa PrEP kan ìwọ náà: o mutí lálẹ́ àná, lo oògùn rẹ láàárọ̀ òní. Má dáwọ́ dúró lópin ọ̀sẹ̀ kí o lè ráyè mu.

Bí ọtí bá ti di ẹ mú

Ọwọ́ gbígbọ̀n láàárọ̀ tí ìgò kan ń dá dúró, àágùn, àìsùn: ìwọ̀nyí fi hàn pé ara ti gbára lé ọtí. Má dá a dúró lójijì fúnra rẹ. Gìrì lè gbé ọ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, ọpọlọ sì lè dàrú láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, èyí tó lè pa ènìyàn. Abẹ́ dókítà ni kí o ti ṣe é, wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi ń mú un rọlẹ̀.

Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí o kàn máa ń mu kọjá ibi tí o fẹ́ dúró, béèrè nípa naltrexone, oògùn tó ń dín bí ọtí ṣe ń wu ènìyàn kù. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, pẹ̀lú ọkùnrin 120 nínú irú wa ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń lo hóró kan nígbà tí ọtí bá ń wù wọ́n tàbí tí wọ́n mọ̀ pé àwọn máa mu. Ọjọ́ tí wọ́n ń mu àmupara dín kù ju ti àwọn tó gba oògùn ìdíbọ́n, ìyẹn hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, lọ. Sọ gbogbo oògùn tí ò ń lò fún dókítà, pàápàá tramadol, codeine tàbí èyíkéyìí nínú ẹbí wọn, torí naltrexone kò gbọ́dọ̀ bá wọn pàdé lára, kí dókítà sì wo ẹ̀dọ̀ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀.